Láti Copenhagen Dé Pittsburgh: Bí Iṣẹ́ Dókítà ICU Ṣe Di Ẹ̀kọ́

Ní ilé ìwòsàn ayé àtijọ́, ẹ̀yà ara ni wọ́n fi ń pín aláìsàn. Ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, dókítà ọkàn ló ni ín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà kíndìnrín ló ni ín. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là níkùn, oníṣẹ́ abẹ tó là á ló ni ín. Ètò yìí dára títí di òru ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dàrú pọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo: ìfúnpá ń já wálẹ̀, èémí ò délẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ti dá. Olúkúlùkù ọ̀gá á wá yẹ tirẹ̀ wò, á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì nìkan ni í kù sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà sì ní àìmọye aláìsàn mìíràn tó ń retí rẹ̀.

Ta ni dókítà irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an? Ìbéèrè yìí ló bí fẹ́lóṣíìpù tí University of Pittsburgh ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, láti kọ́ àwọn dókítà ní ìtọ́jú ẹni tí àìsàn ti gbé dé bèbè ikú, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń wá orírun iṣẹ́ náà. Ká tètè là á o: fẹ́lóṣíìpù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Nílé níbí, ìdánwò àṣekágbá tó ń sọ dókítà di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ti parí rẹ́sídẹ́nsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó tẹ̀ lé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, ló tún padà wá jókòó sábẹ́ ọ̀gá láti kọ́ ohun kan péré ní àkọ́jinlẹ̀.

Ká tó dé Pittsburgh, a ní láti ya Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì. Ní 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń rọ lọ́tẹ̀ yìí; ó ń rọ ọ̀nà ọ̀fun àti iṣan tí a fi ń mí. Ilé ìwòsàn Blegdam ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn lọ. Àgbá irin kan ṣoṣo tó ń báni mí ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ mẹ́fà mìíràn tí wọ́n ń dì mọ́ àyà, tí agbára wọn ò tó nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú àwọn 31 tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀nyí tọ́jú, 27 kú.

Ọ̀gá ibẹ̀, Henry Lassen, ránṣẹ́ pe dókítà akunnilóorun kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n mọ irú dókítà bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n wá sí wọ́ọ̀dù. Ibsen yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó kú wò, ó ní afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí wọn ò lè mí síta ló ń pa wọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọdún 12 kan wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n dá ihò sí i lọ́fun, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́, Ibsen sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ sí i nínú. Kò wọlé. Ọmọ náà ń jà, ọ̀nà èémí rẹ̀ sún kì, àwọn dókítà tó wá wòran sì ti ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibsen wá fún un ní oògùn oorun. Ara ọmọ náà dẹ̀, kò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́ rárá, ìgbà náà gan-an ni afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Àwọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn jọ, nǹkan bí 1,500 ni wọ́n, tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sí ìgbèrí ọmọ, á máa fún àpò afẹ́fẹ́ náà, wákàtí lẹ́yìn wákàtí. Ìgbà kan wà tí àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ bá mí lẹ́ẹ̀kan náà tó 70. Iye àwọn tó ń kú já wálẹ̀ kọjá ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1953, Ibsen ṣí wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn Kommunehospitalet ní ìlú kan náà, níbi tí wọ́n ń kó gbogbo aláìsàn tó le jù sí, àìsàn yòówù kó jẹ́. Ohun tí Copenhagen kọ́ ayé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ṣe é, àti pé ẹnì kan ò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tó wá sọ èyí di ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ni Peter Safar. Vienna ni wọ́n ti bí i ní 1924, bàbá rẹ̀ dókítà ojú, ìyá rẹ̀ dókítà ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ Júù wà ní ìdílé ìyá rẹ̀, ìyẹn ò sì jẹ́ kí ara rọ̀ wọ́n lábẹ́ àwọn Nazi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ iṣẹ́ ológun, ó fi oògùn kan pa ara títí àwọ̀ rẹ̀ fi wú, kí wọ́n lè sọ pé ara rẹ̀ ò dá. Ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1948, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ibi tí ẹ̀mí aláìsàn bá lè gbà á dé ni abẹ lè dé. Ó yí padà, ó kọ́ iṣẹ́ akunnilóorun ní Philadelphia, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Lima ní orílẹ̀-èdè Pérù, kó tó bọ́ sí Baltimore City Hospital.

Ní Baltimore ló ti ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi tàn. Ìrìn àjò ọkọ̀ kan ní 1956 pa á pọ̀ mọ́ James Elam, tó ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí a mí síta ṣì ní ọ́síjìn tó lè gba ẹlòmíràn là. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà ni pé kí wọ́n dojú ẹni tí kò mí mọ́ délẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, kí wọ́n sì máa gbé apá rẹ̀ sókè. Safar gbà pé asán ni. Ó wá àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ó kùn wọ́n lóorun, ó fún wọn ní oògùn tó ń rọ gbogbo iṣan, débi pé wọn ò lè fúnra wọn mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn tí kì í ṣe dókítà wá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lo ọ̀nà àtijọ́, ahọ́n àti ọ̀fun tó rọ ti dí ọ̀nà, atẹ́gùn ò wọlé. Tí wọ́n bá kàn da orí sẹ́yìn, tí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ọ̀nà là. (Ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà kí wọ́n ṣe lónìí ni o. Àmọ́ òun ló wà nídìí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé láti fi jí ẹni tó dákú.) Ní 1960, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins, ní Baltimore kan náà, kéde pé títẹ àyà láti ìta lè mú ẹ̀jẹ̀ rìn. Safar so méjèèjì pọ̀.

Kí ni àǹfààní kí o jí èèyàn, tí kò bá sí ibi tí a ó gbé e sí? Ọmọ aráyé kì í jí kó dìde lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní 1958, Safar ṣí wọ́ọ̀dù kan ní Baltimore tí dókítà ń wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Èyí ṣàjèjì. Ọ̀gá dókítà tó sùn sílé, tí wọ́n ń fi tẹlifóònù jí, ni àṣà ibẹ̀. Ní 1961, University of Pittsburgh pè é wá dá ẹ̀ka iṣẹ́ akunnilóorun sílẹ̀. Ó gbé èrò wọ́ọ̀dù rẹ̀ dání dé ilé ìwòsàn Presbyterian-University, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé wọ́ọ̀dù láìsí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè pẹ́. Fẹ́lóṣíìpù náà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka akunnilóorun ló bí i, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ lè wá, dókítà àrùn inú lè wá, dókítà ọmọdé lè wá. Wọ́n sì ń ti òkè òkun wá pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ò sí nínú ìwé kan pàtó nígbà náà. Fẹ́lò, ìyẹn dókítà tó wà nínú fẹ́lóṣíìpù náà, á kọ́kọ́ wo aláìsàn fúnra rẹ̀ kó tó wo ẹ̀rọ: ṣé àyà méjèèjì ń gbé sókè dọ́gba? Ṣé rọ́bà ọ̀fun ò tíì yẹ̀? Báwo ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe gbóná tó? Ìtọ̀ wákàtí tó kọjá ńkọ́? Lẹ́yìn náà ni àbájáde ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ amúnimí: atẹ́gùn mélòó, ìgbà mélòó ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn báwo. Ó ń yí ohun kan padà, ó ń dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó tún ń yí òmíràn. Oògùn tó ran ìfúnpá lọ́wọ́ lè jẹ kíndìnrín níyà. Omi tó ran kíndìnrín lọ́wọ́ lè rì ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó mọ ẹ̀yà kan ṣoṣo ò lè yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjókòó ti aláìsàn gan-an ni iṣẹ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ọmọ Sweden kan, Ake Grenvik, dé Pittsburgh. Safar ni ẹlẹ́nu tó ń polongo, Grenvik ni ẹni tó ń mú ilé dúró. Òun ló darí fẹ́lóṣíìpù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí ICU káàkiri ayé lẹ́yìn náà ló sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìtàn kì í sábà ka irú àwọn bẹ́ẹ̀ kún tó bó ti yẹ.

Ní 1966, Elizabeth, ọmọbìnrin Safar tí kò tíì pé ọmọ ọdún 13, kú lẹ́yìn tí ikọ́ fée kì í mọ́lẹ̀. Wọ́n jí ọkàn rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ò jí. Bàbá tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn ò lè jí ọmọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti wọ gbogbo ohun tó ń kọ́ni, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú ilé ìwòsàn ló ń pinnu ohun tí ICU lè ṣe.

Ní ọdún yẹn kan náà, David Lawrence, gómìnà Pennsylvania tẹ́lẹ̀ rí, ṣubú níbi ìpolongo ìbò ní Pittsburgh. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé e dé ilé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn nígbà náà, kò sì bọ́ níbẹ̀. Bí gómìnà bá rí báyìí, kí ni ti tálákà? Ní Hill District, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà, kì í tilẹ̀ yá àwọn ọlọ́pàá lára láti gbé ọkọ̀ wá. Láti 1967, Safar bá àwọn ará àdúgbò náà dá iṣẹ́ áḿbúláǹsì Freedom House sílẹ̀. Ó kọ ètò ẹ̀kọ́ nǹkan bí 300 wákàtí fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà tí wọn ò ríṣẹ́. Ẹlòmíràn nínú wọn ò parí ilé ìwé girama, ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Vietnam dé. Ó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní ICU, ó kó wọn sínú áḿbúláǹsì. Nígbà tó yá, ó rán fẹ́lò rẹ̀ kan, Nancy Caroline, sí wọn. Obìnrin náà wá láti kọ́ iṣẹ́ inú wọ́ọ̀dù. Òpópónà ló bá ara rẹ̀. Ó ń bá wọn jáde lóru, ó ń gbọ́ wọn lórí rédíò, ìwé tó kọ jáde nínú ẹ̀kọ́ yẹn, *Emergency Care in the Streets*, sì di ìwé àwọn òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní 1975, ìjọba ìlú gba iṣẹ́ náà mọ́ Freedom House lọ́wọ́, ó dá áḿbúláǹsì tirẹ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú náà ò sì rí ipò mú níbẹ̀. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn, kì í jẹ nínú rẹ̀.

Pittsburgh nìkan kọ́ ló ń ronú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Los Angeles, Max Harry Weil ti ní wọ́ọ̀dù kékeré oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin láti ìparí àwọn ọdún 1950, fún àwọn tí ìfúnpá wọn ti já pátápátá. Dókítà àrùn inú ni Weil. Ẹnì kẹta, William Shoemaker, jẹ́ oníṣẹ́ abẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ṣáájú nínú dídá Society of Critical Care Medicine sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Weil ló kọ́kọ́ ṣe ààrẹ, Safar tẹ̀ lé e. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín: akunnilóorun kan, dókítà àrùn inú kan, oníṣẹ́ abẹ kan. Àpapọ̀ yẹn ni èrò wọn gan-an.

Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìwé ẹ̀rí, ilé dàrú. Ní 1980, àjọ tó ń ṣàkóso ìwé ẹ̀rí àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbà pé iṣẹ́ yìí tó ohun tí a ń fún ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Èrò ni pé kí àwọn ìgbìmọ̀ akunnilóorun, oníṣẹ́ abẹ, àrùn inú àti ọmọdé jọ ṣe ìdánwò kan ṣoṣo. Wọ́n jókòó títí, wọn ò rẹ́. Mélòó ni ọdún ẹ̀kọ́ yóò jẹ́? Ta ni yóò kọ́ ta? Ìdánwò àjọṣe náà wó lulẹ̀, ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ láàárín 1986 àti 1987. Ohun tí Safar kó sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n tún tú u ká. Lójú tèmi, ìfẹ́ aláìsàn kọ́ ló tú u ká. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kí àwọn ọmọ tirẹ̀ kọjá sábẹ́ ẹlòmíràn ni. Àwọn ibòmíràn gbọ́n jù wọ́n lọ níhìn-ín. Spéènì sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀ka tó dá dúró láti 1978, Australia àti New Zealand sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ láti 2010.

Ìtúká yẹn ló fà á tí ọ̀nà ṣe pọ̀ ní Amẹ́ríkà lónìí. Dókítà àrùn inú tó parí rẹ́sídẹ́nsì ọdún mẹ́ta yóò lo ọdún méjì sí i nínú fẹ́lóṣíìpù ICU, tàbí mẹ́ta bó bá so ó mọ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Akunnilóorun àti oníṣẹ́ abẹ yóò lo ọdún kan. Ti ọmọdé jẹ́ ọdún mẹ́ta. Àwọn dókítà ẹ̀ka pàjáwìrì ló dúró pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà. Ó di lẹ́yìn 2010 kí wọ́n tó rí ìwé ẹ̀rí gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn lọ́hùn-ún, tí ICU sì wù ú, ẹ jẹ́ kó ti mọ èyí kó tó yan rẹ́sídẹ́nsì.

Ohun kan tún wà tí Pittsburgh kọ́ àwọn fẹ́lò rẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ ibi: bí a ṣe ń dáwọ́ dúró. Ní 1981, Thomas Starzl, gbajúmọ̀ nínú pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ìlú náà. Iṣẹ́ abẹ yẹn ò lè ṣeé ṣe láìsí ICU. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fẹ́lò ń tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀dọ̀; lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń bá ẹbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú sọ̀rọ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń gbé sókè sódò lórí ẹ̀rọ. Báwo lo ṣe máa sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ tó gbóná lọ́wọ́ ti lọ? Grenvik ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àlùfáà nìkan. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé ìṣègùn bí a ṣe lè rọra yọ ẹ̀rọ kúrò lára ẹni tí kò sí ìrètí fún mọ́, láìjẹ́ kí ó jìyà. Inú bí àwọn kan nígbà náà.

Ní 2002, ẹ̀kọ́ náà kúrò lábẹ́ ẹ̀ka akunnilóorun ní Pittsburgh, ó di ẹ̀ka tó dá dúró pátápátá, Mitchell Fink sì jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Safar fojú rí i. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2003. Wọ́n ti dábàá orúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel ní ìgbà mẹ́ta. Kò gbà á.

Ní Nàìjíríà, àwọn akunnilóorun ló ń gbé ẹrù ICU ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí ó ti rí nígbà Ibsen àti Safar. Wọ́n ń pín ara wọn láàárín yàrá iṣẹ́ abẹ àti bẹ́ẹ̀dì àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ, wọn ò sì pọ̀. Ní 2020, nígbà tí kòrónà dé, ẹ̀rọ amúnimí di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n rà á, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ẹ̀rọ yẹn ò lè dá ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn tí gómìnà tàbí mínísítà bá wá ṣí ICU tuntun, tó ń ka iye bẹ́ẹ̀dì àti iye ẹ̀rọ fún wa, ẹ jẹ́ ká béèrè iye dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti rán lọ kọ́ iṣẹ́ náà, àti orúkọ ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru.